Ọjọ́ Sátidé Tèmi, Kọ́ọ̀sì Tirẹ̀

Ọdún tí ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ másítàsì. Ìtàn ló lọ kọ́, kì í sì í ṣe ìtàn ọba àti ogun. Ìtàn ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé àwùjọ ni wọ́n ń pè é: bí àwọn tó ti lọ ṣe ṣòwò, irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, irú ilé tí wọ́n gbé, bí wọ́n ṣe tọ́mọ. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní, "Wọ́n ń fi ìyẹn náà gba ìwé ẹ̀rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ń fi gbà á. Èmi parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo lọ kọ́ṣẹ́ irun. Mi ò bá a jiyàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa ní Àgùdà. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù irun ní àdúgbò kan náà. Ọmọ máa ń wà ní kirẹ́ẹ̀ṣì. Sátidé ni kirẹ́ẹ̀ṣì kì í ṣí, Sátidé yìí kan náà sì ni iṣẹ́ irun ń jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́sàn-án, ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó di ṣùkú wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wọn Sátidé ni wọ́n ń rántí pé àwọn lórí. Mo ti gbìyànjú kí n mú ọmọ dání lọ rí. Ó fa wáyà díráyà, ó ti ọwọ́ bọ ike rìláásà, mo pariwo, oníbàárà mi pariwo, ọmọ bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ ló ń dúró tì í ní Sátidé. A ò jókòó ṣe àdéhùn rẹ̀, ó kàn di bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí sáà kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì dé. Àwọn tó jẹ́ dandan ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè ṣe nǹkan kan sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kálukú máa fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, méjì ló sì bá ohun tí ọkọ mi fẹ́ ṣe mu. Ọ̀kan dá lórí òwò, owó àti báńkì láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é. Èkejì dá lórí ìdílé àti iṣẹ́ nínú ìlú ńlá: ta ló ń tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyá bá lọ síbi iṣẹ́, báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ṣe ń rílé gbé, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ló ń kọ́ wọn ní èyí, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí iléèwé ọkọ mi bá ti jáde.

Èkejì yìí ló fẹ́. Láti ọjọ́ tó ti rí i ló ti ń bi mí ní ìbéèrè. Màá máa gé ẹ̀fọ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á ní, "Nígbà tí Màmá yín bá lọ ṣiṣẹ́, ta ló ń bá wọn mójú tó yín ní Mushin nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?" Mo sọ fún un pé obìnrin kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló ń kó gbogbo ọmọ ilé jọ, pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, pé ó máa ń fi igi omorogùn lé wa sùn lọ́sàn-án. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún un?" Mi ò mọ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, èmi àti ìyá mi rẹ́rìn-ín títí káàdì fi tán, a ò sì mọ̀ síbẹ̀. Mo gbádùn ìbéèrè yẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú rẹ̀ rí.

Èmi náà fẹ́ kó mú èkejì. Kì í ṣe nítorí ìdílé, kì í sì í ṣe nítorí ìlú ńlá. Sátidé mi ni mò ń wò.

Kí ló wá ń dá a dúró? Bàbá tó ń kọ́ wọn ní ti òwò àti báńkì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ni, ọmọ ìlú kan náà ni òun àti ìyá ọkọ mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òun ló kọ lẹ́tà tó ti ọkọ mi lẹ́yìn kó tó wọlé. Tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, èdè Ìjẹ̀bú ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, á fi àwọn yòókù sílẹ̀ kí wọ́n máa wojú ara wọn. Ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, láìbi í, pé, "Èyí, tèmi ni. Kíláàsì mi ló ń bọ̀."

Ọkọ mi ní òun ò mọ bí òun ṣe máa wí i. Ó ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà, ọjọ́ Ẹtì, ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Mo ní, "Ẹ lọ bá wọn, ẹ sọ pé èkejì lẹ fẹ́." Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ gbá bàbá létí.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Mọ́mì, ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀gá aránṣọ ni wọ́n kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ti kọ́ àìmọye ọmọ níṣẹ́, wọ́n sì ti fi àdúrà yọ̀ǹda wọn. Lójú tiwọn, másítàsì kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ iṣẹ́ kì í dìde lábẹ́ ọ̀gá kan kó lọ jókòó sábẹ́ ọ̀gá mìíràn láìjẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá àkọ́kọ́ á ṣépè fún un." Ọkọ mi ní, "Mọ́mì, yunifásítì nìyí." Mọ́mì ní, "Ṣé kò sí ọ̀gá níbẹ̀ ni?"

Bí a ṣe lọ nìyẹn, ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, sí ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Sùúrùlérè. Àwa mẹ́rin ni, tí ẹ bá ka ọmọ mọ́ ọn. Mọ́mì gbé gààrí Ìjẹ̀bú dání nínú ike ọ̀dà, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ọkọ mi gbé iṣu. Nínú kẹ̀kẹ́, Mọ́mì kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Tí ẹ bá là á mọ́ ọn lójú pé kíláàsì ẹlòmíràn lẹ fẹ́, ẹ ti bú u."

Bàbá gbà wá tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, wọ́n fún un ní bisikí. Wọ́n béèrè gbogbo ará ìlú lọ́wọ́ Mọ́mì, èyí tó kú àti èyí tó ń kọ́lé. Nígbà tó yá, Mọ́mì fi eékún kan kanlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá," ni Mọ́mì wí, "ohun tó gbé wa wá kì í ṣe ibi. Ọmọ yín ni kò lè wí i, ojú ń tì í. Ọ̀rọ̀ Sátidé yìí ni. Ìyàwó rẹ̀ rèé, Sátidé niṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ṣì kéré, ẹ rí i. Bó bá ní kóun máa wá sí kíláàsì yín ní Sátidé, ilé á dàrú. A ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ó kọ̀ yín sílẹ̀ o. Kò jẹ́ kọ̀ yín sílẹ̀. Ọgbọ́n yín ló ju tiwa lọ, ẹ bá wa wá ọ̀nà sí i."

Mo rò pé mo gbọ́ ohun tí Mọ́mì ń ṣe. Wọ́n ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bàbá á ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó mú òmíràn," a ó dúpẹ́, a ó lọ. Báyìí ni àwa fi máa ń ṣe é.

Bàbá ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan ni, Bàbá."

"Ohun tí ẹ torí ẹ̀ ru gààrí wá nìyẹn?" Wọ́n fa fóònù wọn yọ. A ń wò wọ́n. Ẹni tó ń ṣe olórí kíláàsì ni wọ́n pè. "Kíláàsì mi ti Sátidé yẹn, mo ti gbé e kúrò. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin. Sọ fún àwọn yòókù." Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa. "Ó ti tán. Èmi náà ti ń wá ohun tí màá fi sinmi ní Sátidé."

Ọkọ mi tún dọ̀bálẹ̀. Kí ló kù kó ṣe? A dúpẹ́. Mọ́mì gbàdúrà fún bàbá, fún àwọn ọmọ wọn, fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a mu ún.

A jáde sí títì. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Àkókò kan náà gan-an." Mọ́mì ń tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ohun tí mo sọ ló gbọ́. Ohun tí mi ò sọ ni kò gbọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Màá sọ òótọ́. Ó bá mi lára mu. Kíláàsì ti kúrò ní Sátidé, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ pé èmi ni mo dí ọkọ mi lọ́wọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kùtù, mo dirun títí ìka mi fi kú, mo délé bá ọmọ tó ti wẹ̀, tó ti jẹun, tó ń fi síbí lu ìkòkò. Kò sí ohun tó dùn jù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò tún wá sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì mọ́. Á jẹun, á kó àwo lọ síbi tí wọ́n ń kó o sí, á jókòó. Mo bá a tó ń ka àwọn ìwé kan tó ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Mo wo òkè rẹ̀. Mo ní, "Dádì, kì í ṣe ti ìdílé àti iṣẹ́ yẹn nìyí? Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀?"

"Mo kàn ń wò ó ni."

"Tí ẹ kàn ń wò ó, tí ẹ wá ń fàlà sí i?"

Ó ti bíírò rẹ̀ bọ àpò. Mo jókòó tì í. Mo ní kó lọ sọ fún bàbá.

Ó ní, "Kí n sọ kí ni? Èèyàn gbé odindi kíláàsì kúrò ní ọjọ́ tó ti wà nítorí mi. Kí n wá ní mi ò fẹ́ mọ́?"

"Nítorí yín kọ́. Nítorí èmi ni. Èmi lẹ fi ṣe àwáwí lọ́dọ̀ wọn. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín bi mí kẹ́ ẹ tó gbé Sátidé mi lé bàbá lẹ́sẹ̀?"

"O wà níbẹ̀. O kúnlẹ̀."

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀."

Ó to àwọn ìwé náà jọ. Nígbà tó yá ó ní, "Báńkì náà dáa. Èèyàn lè fi rí iṣẹ́ tó dáa." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń gba ọmọ níyànjú láti mu oògùn. Mo mọ ohùn yẹn, èmi náà ń lò ó.

Àárín ọ̀sẹ̀ kì í sí èrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣáájú kíláàsì àkọ́kọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo pọn ọmọ nítorí pé imú rẹ̀ ń dà tí kirẹ́ẹ̀ṣì kò gbà á, mo wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì wọn ní Yaba, mo béèrè títí mo fi dé ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún Mọ́mì. Tí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, mi ò ní lọ.

Wọ́n mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. "Ìyàwó. Ṣé kò sí?"

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Kò sí, sà. Mo wá torí ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ni, sà."

"Mo ṣe bí a ti yanjú ẹ̀."

"Ẹ ti yanjú tèmi, sà. Ẹ ṣé gan-an ni. Tirẹ̀ ló kù." Mo ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. "Èmi ni mo fẹ́ Sátidé, sà. Òun, kọ́ọ̀sì kejì ló wù ú, ti ìdílé àti iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é. Ibi tí ẹ gbé tiyín lọ nìyẹn, sà. Kò lè wí i fún yín."

Bàbá bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún. Ọmọ mi ń sín.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí a tó wá sílé yín, sà."

"Ìyẹn ni pé ìyá ọkọ rẹ ru gààrí wá láti wá sọ fún mi pé kíláàsì mi ò dùn."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Èmi ni mi ò gbọ́." Wọ́n wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Lójú tìẹ, ṣé kò dùn?"

"Irun ni mo mọ̀, sà."

Ẹnu wọn yẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá a dúró. "Sọ fún ọkọ rẹ pé mi ò kí ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ìyàwó."

"Kò rán mi, sà. Kò mọ̀ pé mo wá."

"Ìyẹn ló tún burú jù." Wọ́n gbé awò ojú wọ̀. "Mi ò lè dá kíláàsì padà sí Sátidé mọ́, àwọn yòókù ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́la, kí aago mẹ́rin tó lù, kó wá bá mi, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń lọ. Tó bá wọlé wá jókòó láìsọ nǹkan kan, tèmi ni títí sáà fi máa parí. Ó dàbọ̀. Ẹ tọ́jú imú ọmọ yẹn."

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi nílé, ó dìde dúró. Kò pariwo, kì í pariwo. Ó ní, "O lọ bá ọ̀gá mi lẹ́yìn mi. O sọ mí di ọmọ kékeré."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu yín. Ìyá yín ni."

Kò yẹ kí n sọ ìyẹn. Ó wọlé lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, imú ọmọ ti gbẹ, bàbá rẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó gbé e lọ sí kirẹ́ẹ̀ṣì. Mi ò mọ ibi tó máa gbà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo di irun ẹnì kan wọ́, mo tú u, mo tún un dì.

Alẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀nà kọrídọ̀ kan náà ni yàrá kọ́ọ̀sì méjèèjì wà, wọ́n dojú kọ ara wọn. Ó ní òun dúró láàárín wọn bí ẹni tó ṣìnà, àwọn èèyàn ń kọjá lára òun. Bàbá ti wà nínú tiwọn, wọ́n ń kọ nǹkan sójú pátákó.

"Mo wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, 'Sà, ẹ má bínú, kọ́ọ̀sì tó wà lódì kejì ni mo fẹ́ ṣe.' Wọ́n ní kí n sọ ọ́ sókè, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Hẹn?"

"Mo sọ ọ́ sókè."

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní kí n pa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ́rìn-ín nítorí pé àwa ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà.

Kò lọ bẹ́ẹ̀ lásán. Bàbá ò bínú ní gbangba, wọ́n ṣì ń dáhùn tó bá kí wọn. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi ń dá a lóhùn báyìí. "Good afternoon," wọ́n á kọjá. Ọkọ mi ní òun kì í mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ìjẹ̀bú yẹn ń ṣe òun láǹfààní. Ó máa ń dùn ún, mo mọ̀, pàápàá tó bá rí i tí wọ́n ń bá ẹlòmíràn ṣàwàdà. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mi ò mọ̀ bóyá sùúrù ló kàn.

Mọ́mì ò mọ̀ sí gbogbo rẹ̀, tàbí a rò pé wọn ò mọ̀. Àṣé wọ́n ti pàdé bàbá níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú. Sátidé kan, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n ní kí n bá wọn di kólẹ́sẹ̀, kó má fúnpọ̀ jù. Mo fi wọ́n jókòó ṣáájú ẹni tó ti ń dúró, ẹni náà sì yọ ṣùtì sí mi. Mo ya irun wọn lọ́nà méjì, funfun ti pọ̀ ju dúdú lọ. Mo ti dì dé àárín orí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Mo gbọ́ pé o lọ bá bàbá ní ọ́fíìsì wọn."

Ọwọ́ mi dúró. "Mo lọ, mà."

"O sì là á mọ́ wọn lójú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹni tó wà lábẹ́ díráyà ti gbé e sókè díẹ̀ kó lè gbọ́.

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀, mà. Mo pọn ọmọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Mọ́mì wí. "Rọra máa fà á, ìpàkọ́ ń dùn mí."